Ìbéèrè àti ìdáhùn: Obìnrin mélòó ni kó wà nínú ìgbìmọ̀ olùdarí ẹni méje?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin agbẹjọ́rò wa. Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ kan ni mí ní Àjàṣẹ́. SA ni wá, ìyẹn ilé-iṣẹ́ onípìn-ín, epo pupa àti ọṣẹ la ń ṣe. Ọkùnrin méje ló wà nínú ìgbìmọ̀ olùdarí wa, ìyẹn CA, kò sí obìnrin kankan. Àjọ kan láti òkè òkun tó fẹ́ yá wa lówó ní àfi kí obìnrin tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀, ó kéré tán. Baba alága ní àwọn kò ní torí owó lé àgbààgbà jáde. Àbúrò wọn ní ká kọ orúkọ ìyàwó méjì sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣé òfin ló fi ipá mú wa? Obìnrin mélòó ló yẹ? Báwo la ṣe máa ṣe é tí ilé ò fi ní dàrú? Ṣé èrè wa á sì pọ̀ sí i lóòótọ́, bí àjọ náà ṣe ń wí?

ÌDÁHÙN: Òfin kò fi ipá mú yín. Ìwé òfin ilé-iṣẹ́ ìṣòwò ti OHADA (àjọ tó ń ṣe òfin ìṣòwò fún Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn), tí wọ́n tún ṣe ní Ouagadougou lọ́dún 2014, ló ń darí SA ní Benin, kò sì ya àga kankan sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú CA. Èyí tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ní Àjàṣẹ́, ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó wà nílùú yín níbẹ̀ ni. Òfin ọdún 2019 ya àga 24 sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú 109, ẹyọ kan fún agbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan, ìbò oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ lò ó. Ìyẹn ò kan ọlọ́ṣẹ. Àdéhùn ayánilówó ló kan yín, ẹni tó bá sì fọwọ́ sí àdéhùn ti sọ ọ́ di òfin fún ara rẹ̀.

Torí náà, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni sípàdé, ẹ ṣí ìwé àdéhùn yẹn síbi tó ti sọ̀rọ̀ obìnrin. Ṣé CA nìkan ni wọ́n ń kà, àbí wọ́n ka àwọn ọ̀gá ẹ̀ka mọ́ ọn? Ọjọ́ wo ni wọ́n ń kà á: ọjọ́ tí owó bá jáde nìkan ni, àbí lọ́dọọdún títí ẹ ó fi san gbèsè tán? Ọjọ́ kíkà yìí ló ń fa wàhálà jù. Ilé-iṣẹ́ á sáré wá obìnrin, owó á jáde, tó bá di ọdún kejì ọ̀kan nínú wọn á kọ̀wé fipò sílẹ̀, kò ní sẹ́ni tó máa rántí àdéhùn mọ́, àfìgbà tí lẹ́tà bá dé pé ẹ ti yẹ̀ ẹ́.

Ó wá di ìṣirò. Obìnrin 2 nínú 7 jẹ́ 28.6%. Kò tó. Bó ti wù kó sún mọ́ 30 tó, "ó kéré tán" ni wọ́n wí, a ò sì lè bu díẹ̀ lára èèyàn. Nínú ìgbìmọ̀ ẹni 7, obìnrin 3 ni, ìyẹn 42.9%. Orúkọ ìyàwó méjì tí àbúrò Baba alága dábàá ti ṣubú níbí, kí a tó débi ẹ̀bi mìíràn tó wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá dín CA kù sí 6, obìnrin 2 á tó (33.3%), ṣùgbọ́n ẹni mẹ́fà lè pín sí mẹ́ta-mẹ́ta nígbà ìdìbò, ohùn alága láá sì já a, àfi tí sítátù yín (ìwé òfin tó dá ilé-iṣẹ́ yín sílẹ̀) bá sọ nǹkan mìíràn. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 9, obìnrin 3 ni, 33.3%. Ẹni 10, 3 náà ni, géérégé. Ẹni 11 ńkọ́? Ó ti di 4, torí 3 nínú 11 kò ju 27.3% lọ. Ọkùnrin kan péré tí ẹ fi kún un nítorí ojú àánú lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Àwọn ará Nọ́wè tó kọ́kọ́ fi òfin ya àga sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú ìgbìmọ̀ ilé-iṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni wọn ò ṣe fi ìdá ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ lásán fún ìgbìmọ̀ kékeré. Ńṣe ni wọ́n kà á lórí ìka. CA ẹni 2 tàbí 3, kí ọkùnrin àti obìnrin wà níbẹ̀. Ẹni 4 tàbí 5, ọkùnrin kò gbọdọ̀ dín ní 2, obìnrin kò gbọdọ̀ dín ní 2. Ẹni 6 sí 8, ó di mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni 9, mẹ́rin-mẹ́rin. Ó di ìgbà tí wọ́n bá ju 9 lọ kí 40% tó wọlé. Faransé gba ọ̀nà tiwọn nínú òfin ọdún 2011 tí wọ́n ń pè ní Copé-Zimmermann: 40% láti 2017, ṣùgbọ́n bí CA kò bá ju ẹni 8 lọ, kí ìyàtọ̀ àárín iye ọkùnrin àti iye obìnrin má ju 2 lọ. Ẹ̀kọ́ tí ẹ ó mú níbẹ̀ ni pé tí ẹ bá ń kọ ọ́ sínú ìwé tiyín, ẹ kọ iye. "Obìnrin mẹ́ta, ó kéré tán" kò ṣeé túmọ̀ sódì.

Ibo ni ẹ ó wá kọ ọ́ sí? Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ á kàn kọ ọ́ sínú PV (àkọsílẹ̀) ìpàdé CA pé "a pinnu láti máa fún obìnrin láyè," wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ fáìlì ayánilówó. Ìpinnu bẹ́ẹ̀ ò lágbára, torí CA kọ́ ló ń yan CA, àwọn onípìn-ín ni. Ó sàn kó wà nínú sítátù, tàbí ó kéré jù, nínú àdéhùn àwọn onípìn-ín, èyí tí OHADA ti fàyè gbà kedere láti 2014. A sì gbọ́dọ̀ fi pàṣán sí i. Sípéènì ṣòfin lọ́dún 2007 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá dé 40% ní 2015, kò sí ìjìyà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ò sì débẹ̀. Nọ́wè náà kọ́kọ́ fi í sí ìfẹ́ inú. Nígbà tí kò yọrí, wọ́n sọ ọ́ di dandan láti 2006, pé ilé-iṣẹ́ tí kò bá ṣe é títí ìbẹ̀rẹ̀ 2008 yóò di títúká. Àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan yí irú ilé-iṣẹ́ wọn padà kí òfin má bàa ká wọn mọ́.

Ẹ̀yin ò ní tú ilé-iṣẹ́ ara yín ká. Ẹ má sì kọ ọ́ pé "ìyànsípò tó bá ta ko èyí kò sí," torí OHADA kò fẹ́ kí a máa pa ìpinnu ilé-iṣẹ́ rẹ́ lórí ohun tí òfin fúnra rẹ̀ kò dárúkọ. Ẹ lọ bá ọ̀rọ̀ owó. Ìpàdé onípìn-ín lágbára láti fún àwọn ọmọ CA ní owó ipò lọ́dọọdún; Faransé máa ń dá irú owó bẹ́ẹ̀ dúró tí CA kò bá pé bó ṣe yẹ. Gbólóhùn tí mo máa fún nọ̀tẹ́ẹ̀ yín (amòfin tó ń kọ ìwé àṣẹ) kó fi Faransé tó já geere kọ nìyí:

"CA jẹ́ ẹni 9. Ó kéré tán, 3 nínú wọn jẹ́ obìnrin. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá jẹ́ ọmọ CA, aṣojú rẹ̀ tó ń wá jókòó ni a ó kà. Bí àga kan bá ṣófo tí obìnrin fi dín ní 3, obìnrin ni a ó fi dí i láàárín oṣù 3. Bí oṣù 3 bá kọjá, a ò ní san owó ipò fún ẹnikẹ́ni nínú CA títí wọ́n á fi pé."

Ẹ wo ìlà aṣojú yẹn dáadáa. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní ìpín nínú tiyín tó sì gba àga kan, ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ọkùnrin, kì í ṣe obìnrin. Láìsí ìlà yẹn, wọ́n á máa rán ọkùnrin wá, ẹ ò sì ní mọ ibi tí ẹ ó kà á sí. Ìlà àga òfìfo náà ṣe pàtàkì. Bí ẹnì kan bá kú tàbí tó fipò sílẹ̀ láàárín ọdún, CA fúnra rẹ̀ lè mú ẹlòmíì dí àga náà títí ìpàdé onípìn-ín tó ń bọ̀ yóò fi fọwọ́ sí i. Ẹnu ọ̀nà yìí ni kótà, ìyẹn iye àga tí a yà sọ́tọ̀ fún obìnrin, sábà máa ń gbà jáde láìsẹ́ni tó rí i, torí àwọn tó jókòó á mú ẹni tí wọ́n jọ ń mumi nínú ìkòkò kan.

Ní ti Baba alága àti àwọn àgbààgbà, kò pọn dandan kí ẹ lé ẹnì kan. OHADA gba ẹni 3 sí 12 nínú CA, ẹ̀yin sì jẹ́ 7. Ẹ sọ ọ́ di 9. Àga tuntun méjì jẹ́ ti obìnrin; ẹ̀kẹta á wá láti àga àgbà tí sáà rẹ̀ bá tán, torí sáà kì í ju ọdún 6 lọ, ó sì ṣeé ṣe kí sáà ẹnì kan máa tán lọ́wọ́. Ẹ kọ orúkọ àwọn méje sórí bébà kan, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n yan kálukú síwájú rẹ̀ àti ọjọ́ tí sáà rẹ̀ parí. Ẹ lè rí i pé ọ̀kan nínú wọn, sáà rẹ̀ ti tán láti ọjọ́ pípẹ́ láìsẹ́ni tó tún un yàn. Èyí wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Òótọ́ ni pé ìpàdé onípìn-ín lè yọ ọmọ CA nígbàkígbà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ àgbà lọ́nà tó tàbùkù rẹ̀, ó lè bá yín délé ẹjọ́, aráalé ò sì ní gbàgbé. Ẹ dúró de sáà.

Iye wọn nínú sítátù yín lè jẹ́ 7 pàtó. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, AGE (ìpàdé àkànṣe àwọn onípìn-ín) nìkan ló lè yí i padà: onípìn-ín tó ní ìlàjì ìpín ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ìpín tí ẹ bá ní láti tún un pè, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò ló sì ń gbé e wọlé. Yíyan obìnrin fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ AGO (ìpàdé ọdọọdún àwọn onípìn-ín), ìbò tó ju ìlàjì lọ ti tó. Ìwé ìpè gbọ́dọ̀ jáde ní ọjọ́ 15 ṣáájú, tàbí 6 fún ìpè kejì. Bí ọdún ìṣirò yín bá ń parí ní 31 oṣù kejìlá, AGO gbọ́dọ̀ ti wáyé kí oṣù kẹfà tó parí, torí náà ẹ pa méjèèjì pọ̀ ní ọjọ́ kan, kí ẹ má sanwó nọ̀tẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. AGE ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹni tó bá yan ọmọ CA kẹjọ kí sítátù tó gbà á ti ṣi iṣẹ́ ṣe.

Ìdènà kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí: àwọn tí kò ní ìpín kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta CA lọ. Nínú 7, ẹni 2 ni. Nínú 9, ẹni 3. Bí ọkùnrin kan bá ti ń jókòó síbẹ̀ láìní ìpín, ó ti jẹ lára ààyè yẹn. Àbùjá rẹ̀ ni pé kí ẹnì kan ta ìpín ẹyọ kan fún obìnrin náà. Ẹyọ kan péré ti sọ ọ́ di onípìn-ín. Ẹ sì bi í léèrè CA mélòó ló wà, torí èèyàn kan kò gbọdọ̀ wà nínú CA tó ju 5 lọ ní orílẹ̀-èdè kan. Ní Nọ́wè, obìnrin díẹ̀ ni wọ́n ń pè káàkiri nígbà yẹn, títí àwọn èèyàn fi sọ wọ́n ní "yẹ̀rì wúrà."

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìyàwó. Íńdíà ṣe òfin ní 2013 pé kí obìnrin kan, ó kéré tán, wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìpín lọ́jà. Ọ̀pọ̀ onílé-iṣẹ́ mú ìyàwó àti ọmọbìnrin wọn, àwọn tó ń ṣọ́ ọjà ìpín sì ní láti wá sọ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù mú obìnrin tí kì í ṣe ẹbí. Ayánilówó yín mọ èyí. Wọ́n á béèrè ìwé ẹ̀kọ́ àti ìrírí, wọ́n á sì ka PV láti wo ẹni tó sọ̀rọ̀. Èyí tó burú jù ni pé ọmọ CA ló ń ru ẹ̀bi ara rẹ̀ lábẹ́ OHADA: bí CA bá rú òfin tàbí sítátù, tàbí tó ṣe ilé-iṣẹ́ báṣubàṣu, ilé-iṣẹ́ tàbí ẹlòmíì lè pe ọmọ CA lẹ́jọ́ lórí owó tirẹ̀. Ìyàwó tí kò wá sípàdé rí, tí wọ́n kàn gbé bébà fún lẹ́bàá ààrò pé kó fọwọ́ sí i, kò ní lè sọ pé òun ò mọ̀. Kì í ṣe pé ìyàwó kò yẹ o. Bó bá jẹ́ òun gan-an ló ń ra ẹyìn láti Pobè tó sì mọ iye tí jálá epo kan ń ná yín, ó yẹ ju ọkùnrin márùn-ún nínú àwọn méje yẹn lọ.

"A ò rí obìnrin tó kún ojú òṣùwọ̀n" ni gbólóhùn tó máa tẹ̀ lé e nínú ìpàdé. Ẹ bèèrè pé òṣùwọ̀n wo. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí CA yín ṣaláìní: bóyá ẹni tó lè ka ìwé ìṣirò ọdún, ẹni tó mọ ọjà, tàbí ẹni tó mọ òfin iṣẹ́. Fún ìṣirò, ẹ wá obìnrin oníṣirò tó ti forúkọ sílẹ̀, tàbí ọ̀gá báǹkì tó ti fẹ̀yìn tì. Fún ọjà, àwọn ìyá tó ń kó epo àti ọṣẹ lágbà-lágbà ní Ouando mọ oṣù tí owó ń há ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni tó ń tún epo yín tà kò ṣeé mú láìkọ́kọ́ sọ ọ́ fún ìpàdé, nítorí ọjà rẹ̀ àti tiyín jọ kan ara wọn. Ọ̀gá ìṣirò yín tó jẹ́ obìnrin náà lè wọ CA, níwọ̀n bí iṣẹ́ tó ń ṣe bá jẹ́ iṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n yóò ṣòro fún un láti ta ko ọ̀gá rẹ̀ níwájú àgbààgbà. Ẹ má fi òun nìkan síbẹ̀. Obìnrin kan ṣoṣo láàárín ọkùnrin, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sọ ni wọ́n á kà sí "ọ̀rọ̀ obìnrin." Tí wọ́n bá ti di mẹ́ta, ọ̀kan á gbà, èkejì á kọ̀, ó ti di ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìdìbò, ẹ lọ fi orúkọ wọn sínú RCCM (ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba) láàárín ọjọ́ 30. Ìwé RCCM ni ayánilówó máa wò, kì í ṣe fọ́tò ìpàdé. Ọ̀pọ̀ owó ló ti dúró sójú kan nítorí pé orúkọ tó wà níbẹ̀ ṣì jẹ́ ti CA àtijọ́. Kí ìwé ìpàdé máa dé ọwọ́ gbogbo wọn ní ọjọ́ 8 ṣáájú. Bí ẹ bá ní ìgbìmọ̀ kékeré tó ń yẹ ìṣirò wò, obìnrin kan kó wà níbẹ̀. Ẹ má kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ. Kí ìpàdé má sì máa bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ní pálọ̀ Baba alága, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń parí ọ̀rọ̀ kó tó dé orí tábìlì.

Ní ti èrè, ẹ má ṣèlérí rẹ̀ fún Baba alága. Àwọn olùwádìí kò fẹnu kò: àwọn kan rí àdánù ní Nọ́wè, àwọn mìíràn tún ìṣirò náà ṣe, wọn ò rí èrè, wọn ò rí àdánù tó dájú. Ohun tó hàn nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni pé àwọn obìnrin tó wọlé lẹ́yìn òfin ní ìwé ẹ̀kọ́ àti ìrírí ju àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ipò àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ kan náà kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Owó ayánilówó ni ìdí tí ẹ fi ń ṣe é báyìí, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Àwọn tó bá ń ka èyí ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tí wọ́n jẹ́ SARL (irú ilé-iṣẹ́ tó rọrùn ju SA lọ), ẹ ò ní CA rárá, gérant, ìyẹn alábòójútó, ni ẹ ní, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ayánilówó kó tó kọ àdéhùn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe onígààrí àti oníkajú, òfin OHADA tiyín yàtọ̀: nínú SCOOPS (irú ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe tí ètò rẹ̀ rọrùn), ìgbìmọ̀ tó ń darí kò ju ẹni 3 lọ, tàbí 5 bí ọmọ ẹgbẹ́ bá tó 100, ìbò kan sì ni fún ẹnì kan. Lọ́dọ̀ yín, ìṣòro náà sábà máa ń dorí kodò: obìnrin ló pọ̀ nínú ẹgbẹ́, ọkùnrin ni ààrẹ àti akọ̀wé "nítorí pé wọ́n gbọ́ Faransé." Ipò akápò ni wọ́n máa ń fún obìnrin. Ẹ lọ wo ìwé báǹkì ẹgbẹ́ yín, kí ẹ wo àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ pé wọ́n lè gbowó jáde. Bí ti akápò kò bá sí níbẹ̀, ẹ tètè ní kí báǹkì fi í kún un kí owó ìkórè tó wọlé.